Àwọn Tó Jókòó Níwájú Sípíkà

Mo ba ìnáwó ìsìnkú kan jẹ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Dípò kí n gbà pé èmi ni mo bà á jẹ́, mo di ẹ̀bi náà ru sípíkà méjì tí kò ṣẹ̀ mí, mo tà wọ́n, n kò sì tíì rí irú wọn rà títí di òní. N kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni fún ìgbà pípẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ ni pé mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ onígìtá, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá, tí ohùn gìtá wọn ń gún àwọn èèyàn létí, tí àwọn fúnra wọn ò sì mọ̀. Wọ́n ń ra sípíkà, wọ́n ń ra áńpù, wọ́n ń pààrọ̀ okùn gìtá, wọ́n sì ń náwó síbi tí àrùn ò sí.

Jùjú ni iṣẹ́ mi. Ẹni tó bá ti fara balẹ̀ gbọ́ Ebenezer Obey tàbí King Sunny Adé yóò mọ̀ pé gìtá kan ṣoṣo kọ́ ló ń gbé orin wa ró. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, òmíràn ń gbè é, òmíràn wà nísàlẹ̀ tó ń tún gbólóhùn kan náà sọ láìsinmi. Nígbà tí Island Records gbé àwo Juju Music ti Sunny Adé jáde ní 1982, tí gbogbo ayé gbọ́ ọ, ohun tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni bí gìtá ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú pedal steel tí Demola Adépọ̀jù ń ta, síbẹ̀ tí kò sí èyí tó pa ìlù lẹ́nu mọ́. Ohùn gìtá jùjú gbọ́dọ̀ mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ dán. Àmọ́ bí ó bá kọjá ìwọ̀n, yóò gun orí ohun méjì tí a kò gbọdọ̀ gùn lórí: ìró kọ̀ǹgọ́ lójú awọ gángan, àti ẹnu olórin níbi tó ti ń pe s àti ṣ àti t. Ibẹ̀ ni etí àwọn èèyàn ti ń mọ ohun tí ìlù àti orin ń wí. Mo mọ èyí kí nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá mi ti kọ́ mi.

Áńpù tí à ń lò tẹ́lẹ̀ jẹ́ ti tíúbù, àwọn gíláàsì kéékèèké tó ń gbóná nínú ẹ̀rọ. Jẹnẹrétọ̀ ló pa á. Lóde kan, iná gòkè lójijì, tíúbù méjì jó, ohun tó gbé iná wọ inú rẹ̀ náà sì jó. Iye tí wọ́n dá lé àtúnṣe rẹ̀ ju agbára wa lọ. Bí mo ṣe ra ẹ̀rọ dígítà kékeré kan nìyẹn, irú èyí tó ń ṣe àfarawé áńpù, tí èèyàn lè gbé sínú báàgì kó sì gun ọ̀kadà lọ sóde. Mo ra áńpù kékeré míì tí yóò máa fún un lágbára, mo sì so ó mọ́ àpótí sípíkà mi àtijọ́.

Inú àpótí yẹn ni sípíkà méjèèjì wà, oníǹṣì 12, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ bàbá kan tó ti ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn ni mo ti rà wọ́n. Bébà wọn ti rọ̀ nítorí ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti fi ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ya díẹ̀ lápá òsì. Èmi fúnra mi ni mo fi bébà ìnuwọ́ àti gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, tí mo sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi gbẹ. Bí èèyàn bá ta okùn kejì gìtá nínú wọn, ohùn náà á kọ́kọ́ fò, lẹ́yìn náà á wá rọ̀ bọ́ sílẹ̀. N kò mọyì rẹ̀ nígbà náà.

Òru ni mo máa ń to ohùn ẹ̀rọ tuntun yìí, pẹ̀lú hẹ́dìfóònù, torí àwọn ará ilé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí inú ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀. Apá kan nínú rẹ̀ ń ṣe bí áńpù. Apá kejì ń ṣe bí àpótí sípíkà àti máìkì tí wọ́n gbé síwájú àpótí náà. Ẹni tó ń lo hẹ́dìfóònù, tàbí tó fẹ́ fi waya lọ tààrà sínú míksà, kò lè ṣe láìsí apá kejì yìí, torí sípíkà gìtá kì í gbé ohùn jáde bí sípíkà tí a fi ń gbọ́ orin nínú ilé. Tí ti inú ilé bá ń lọ dé 20,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ti gìtá máa ń rẹ̀yìn kíákíá bí ohùn bá ti kọjá nǹkan bí 5,000 Hz. Láìsí ìrẹ̀yìn yẹn, ohùn gìtá á máa ha. Ẹni tó bá wá ní àpótí sípíkà gidi yóò pa apá kejì náà, kí sípíkà gidi lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Mo pa á. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n gbogbo bọ́tìnnì yòókù, ibi tí mo tò wọ́n sí lóru pẹ̀lú hẹ́dìfóònù ni mo fi wọ́n sí lọ sóde. Máìkì tí ẹ̀rọ náà ń ṣe àfarawé rẹ̀ wà létí sípíkà, kò sí ní àárín gbùngbùn rẹ̀, ohùn etí sípíkà sì máa ń wúwo ju ti àárín lọ. Nítorí ìwúwo yẹn ni mo ṣe ti tírébù sókè, tí mo sì ti bọ́tìnnì presence, èyí tó ń mú kí ohùn mú sí i, tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo pa apá kejì, ìwúwo bá a lọ. Tírébù tí mo fi bá a jà kò bá a lọ.

Ohun míì tún wà níbẹ̀. Ní 1933, Fletcher àti Munson tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà fi hàn pé etí èèyàn kì í gbọ́ gbogbo ohùn bákan náà. Bí ohùn bá lọ sílẹ̀, béèsì ló kọ́kọ́ ń sọnù létí wa, tírébù tó ga náà á sì dín kù. Bí ohùn bá ròkè, àwọn méjèèjì á padà wá. Ibi tí etí wa ti mú jù lọ ni láàárín nǹkan bí 2,000 sí 5,000 Hz, èyí tó bọ́ sí ibi tí sípíkà gìtá ti ń pariwo jù. Ohun tó dùn mọ́ni létí nínú yàrá lóru, tí a bá gbé e lọ sójú agbo níbi tí ohùn ti ga ní ìlọ́po, yóò yí padà di nǹkan míì.

Lóde Ìjẹ̀bú tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, bàbá arúgbó kan ni wọ́n ń sin. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ pọ̀, aṣọ ẹbí wọn pé, tábìlì àwọn ọmọ olóòkú ló sì súnmọ́ wa jù. Wọn ò ṣe pèpéle fún wa, ilẹ̀ ni a tò sí. Mo gbé àpótí sípíkà mi sílẹ̀ lẹ́yìn mi, mo dúró síwájú rẹ̀ ní ìwọ̀nba ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀. A bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ gìtá mi, ó dàbí ẹni pé wọ́n da aṣọ bò ó. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo ti tírébù sókè. Kò tó. Mo ti presence sókè. Ó ṣì kù díẹ̀, mo tún fi díẹ̀ kún un.

Ọ̀gá bojú wẹ̀yìn wò mí. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Nígbà tó yá, bàbá onígángan wa jáde síwájú láti ki olóòkú. Ó ti lọ bá àwọn àgbà ìdílé jókòó ṣáájú ọjọ́ náà, ó ti gba oríkì lẹ́nu wọn, láti orí bàbá olóòkú dé orí baba ńlá rẹ̀. Àkọ́bí ọmọ dìde pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó fẹ́ gbọ́ ohun tí ìlù ń wí nípa bàbá rẹ̀. Mo rí i tó dẹ etí, mo rí i tó fi ọwọ́ bo etí rẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ mi, mo rí i tó wo ẹnu onígángan bí ẹni pé ẹnu ló fi ń lù ú. Mo ń ta gìtá lọ. Obìnrin kan ní tábìlì ìwájú ti ìka bọ etí. Lẹ́yìn díẹ̀, ọmọkùnrin kan wá bá ẹnjiníà tó wà nídìí míksà, ó ní àwọn ẹbí ní kó jọ̀ọ́ dín ariwo kù. Ẹnjiníà dín ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kù: ẹnu olórin, ìlù, béèsì. Gìtá mi kò sí nínú míksà rẹ̀. Inú àpótí mi ló ti ń jáde lọ bá wọn tààrà. Bó ṣe dín tiwọn kù yẹn, gìtá mi nìkan ló wá kù lókè.

Àkọ́bí ná owó díẹ̀ fún onígángan, ó sì lọ jókòó. Kò jó. Oríkì bàbá rẹ̀ tí wọ́n fi ìlù kì lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, kò gbọ́ ọ.

Ọ̀gá kò bá mi wí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìdílé yẹn ti bá a sọ ọ̀rọ̀ ìṣílé kan tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ míì ni wọ́n pè. Nígbà tí òde wa tó tẹ̀ lé e pé, ẹlòmíràn ló ta gìtá. Mo fóònù Ọ̀gá, ó ní, "A ó pè ọ́." Wọn ò pè mí.

Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé sípíkà ti gbó, pé bébà tó ya yẹn ló ń ha. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí mo dúró tì í, kò ha sí mi létí. Ó yẹ kí ìyẹn ti sọ nǹkan fún mi. Mo gbé sípíkà méjèèjì lọ sí Èkó, mo tà wọ́n fún ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lòun ń bá ra nǹkan. Ó san owó ojú ẹsẹ̀, kò sì yọ mí lẹ́nu lórí iye rẹ̀, ó dájú pé ó mọ ohun tó ń rà. Mo fi owó náà lé owó ilé ìwé ọmọ mi, mo ra sípíkà méjì tuntun. Ìyàwó mi mọ̀ pé mo fọwọ́ kan owó náà. Kò dùn mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kó rí.

Sípíkà tuntun, bébà rẹ̀ ṣì le, kò tíì rọ̀. Ohùn rẹ̀ mú ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà tí mo lọ ta gìtá fún ẹgbẹ́ míì, ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n fi kàn mí. Mo wọ inú ẹ̀rọ náà, mo gé gbogbo ohun tó wà lókè 8,000 Hz kúrò. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Báwo ni ìyàtọ̀ yóò ṣe wà, nígbà tí sípíkà gìtá kì í gbé ohun tó wà lókè ibẹ̀ yẹn jáde dáadáa tẹ́lẹ̀? Ohun tí kò sí ni mo ń gé.

Bàbá onígángan ló là mí lójú. Mo lọ sílé rẹ̀ láti lọ tọrọ àforíjì, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni mo bàjẹ́ jù lọ́jọ́ náà. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Sípíkà yẹn ni kò dáa, mo ti pààrọ̀ rẹ̀." Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ṣé o ti jókòó síbi tí wọ́n jókòó sí rí?"

Mo ní rárá.

Ó ní kí n lọ gbé àpótí náà wá. Ó gbé bẹ́ǹṣì kan síwájú rẹ̀ nínú àgbàlá, ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan tó mọ gìtá díẹ̀, ó fi mí jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Orí mi kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ẹnu sípíkà lọ. Ọmọ náà ta okùn kìíní lẹ́ẹ̀kan péré, mo fò sókè. Mo dìde dúró, ohùn náà rọ̀. Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún rọ̀ sí i. Mo padà jókòó, ó gún mi. Mo ṣe é títí ọmọ náà fi ń wò mí tìyanutìyanu. Bàbá ò sọ nǹkan kan mọ́. Ó wọlé lọ jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó fà á. Ìró tó ń gbọ̀n ní ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gígùn ìgbì rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 34. Sípíkà oníǹṣì 12 kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 ní fífẹ̀ lọ. Nígbà tí ìgbì bá tóbi ju sípíkà lọ, ohùn yóò tàn ká gbogbo àyíká. Ní 4,000 Hz, ìgbì ò tó sẹ̀ǹtímítà 9. Sípíkà ti wá tóbi jù ú lọ dáadáa, ohùn ò lè tàn mọ́, iwájú gangan ló ń lọ bí iná tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí tọ́ọ̀ṣì náà bá kọjú sí ló ń gba tírébù. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí orí rẹ̀ ga kọjá rẹ̀, kò ní rí i. Lóde Ìjẹ̀bú, orúnkún mi ni àpótí mi kọjú sí. Tírébù gba ibi orúnkún mi kọjá lọ bá àwọn tó jókòó sí tábìlì kìíní. Mo ń fi kún un títí yóò fi tó etí mi lókè níbi tí kò lè dé. Ní gbogbo ìgbà tí mo fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn, àwọn ọmọ olóòkú ni mo fọwọ́ gbá létí.

Báyìí, n kì í fi àpótí mi sílẹ̀ mọ́. Mo máa ń gbé e sórí àga, tàbí kí n fi igi ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ níwájú kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, kí ẹnu sípíkà lè kọjú sí etí mi gan-an. Bó bá gún ẹnikẹ́ni, èmi ni yóò kọ́kọ́ gún. Ìyẹn nìkan yanjú ohun tó pọ̀ jù nínú ìṣòro náà, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ń to ohùn, lójú agbo, pẹ̀lú ìlù, ní ìwọ̀n ariwo tí a máa fi ṣeré. Mo ní ètò ohùn kan nínú ẹ̀rọ fún hẹ́dìfóònù, mo ní òmíràn fún àpótí gidi, n kì í da wọ́n pọ̀ mọ́. Presence ni mo ń kọ́kọ́ fà wálẹ̀, lẹ́yìn náà tírébù. Bí ó bá ṣì ń ha, mo máa ń dín àyíká 3,000 Hz kù díẹ̀díẹ̀. Bọ́tìnnì tone tó wà lára gìtá fúnra rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣí sílẹ̀ pátá láti àárọ̀ dalẹ́, ó yẹ ká rántí pé ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí waya gígùn bọ́ sórí wireless náà á ṣe àkíyèsí pé ohùn rẹ̀ mú sí i, torí waya gígùn máa ń jẹ lára tírébù.

Àwọn kan máa ń gé fóòmù róbótó, wọ́n á lu ihò sí àárín rẹ̀, wọ́n á fi bo iwájú sípíkà, kí tírébù tó ń lọ tààrà lè dín kù. Mo ti dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá sì ní ẹnjiníà tó ń fi máìkì gba ohùn yín, ẹ sọ fún un kó sún un kúrò láàárín sípíkà bọ́ sí etí rẹ̀. Ìwọ̀nba ìka méjì mẹ́ta lè yí ohùn padà ju bọ́tìnnì lọ.

Mo lọ bẹ àkọ́bí bàbá yẹn. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ó bi mí bóyá a gba ohùn ìlù ọjọ́ náà sílẹ̀. Fídíò wà. Gìtá mi ló wà lórí rẹ̀.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ra sípíkà méjèèjì lọ́wọ́ mi ní Èkó, tàbí ẹnikẹ́ni tó bá mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n wà. Oníǹṣì 12 ni wọ́n, iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ní ìlẹ̀mọ́ bébà ìnuwọ́ lápá òsì. Mo fẹ́ rà wọ́n padà, n ó sì san ju iye tí mo gbà lọ. Bí ẹ ò bá fẹ́ tà, n kò ní bínú. Ẹ ṣáà jọ̀ọ́, ẹ gbé àpótí wọn kúrò nílẹ̀, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ etí ẹni tó ń ta gìtá.